Ta Ni Ó Rán Olóyè Ẹgbẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Níṣẹ́?

Bí àsìkò ìdìbò ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ bá ti dé ní àwọn fásitì ilẹ̀ wa, tí pósítà bo ògiri họ́ọ̀lù mọ́lẹ̀, tí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń du oyè fi orúkọ ìnagijẹ tí ń dún lẹ́nu bí oríkì ológun kéde ara wọn káàkiri ọgbà, tí ọ̀rọ̀ dídùn sì ń ya lẹ́nu wọn lálẹ́ ọjọ́ máníféstò, ìbéèrè kan wà tí àwọn olùdìbò kì í sábà bi wọ́n, tí àwọn náà kì í sì í bi ara wọn: iṣẹ́ ta ni ẹni tí a bá yàn yóò máa jẹ́? Àwọn kan gbà pé jagunjagun ni, pé ojúṣe rẹ̀ kò ju kí ó máa ko àwọn aláṣẹ lójú, kí ó sì máa kó èrò sí títì. Àwọn mìíràn, pàápàá àwọn tí wọ́n jókòó sí ọ́fíìsì Gíwá, kà á sí ọmọ iṣẹ́ tí yóò máa bá wọn pa àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́nu mọ́. Lójú àwọn olóṣèlú ìta, ọjà tí a lè rà ní ọ̀pọ̀ ni. Òbí tó sì ta ilẹ̀, tó ta kòkó kí ọmọ lè kàwé, a máa ké gbàjarè bí ó bá gbọ́ pé ọmọ òun ti di ààrẹ, nítorí èrè kan ṣoṣo tí ó rí nínú oyè náà ni pé ọmọ yóò pẹ́ kí ó tó gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀.

Kò sí ọ̀kan nínú àwọn èrò wọ̀nyí tí kò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ìtàn ti jẹ́rìí sí gbogbo wọn ní ìgbà kan tàbí òmíràn. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ mọ ohun tí oyè náà jẹ́ gan-an, àfi kí a tọ ipa rẹ̀ láti orísun, kí a wo iṣẹ́ tí olóyè ń ṣe láti òwúrọ̀ di alẹ́, kí a sì wádìí ẹni tí ó ní agbára láti yọ ọ́ kúrò lórí àga. Nítorí èmi gbà pé ẹni tí ó lè yọ olóyè ni olóyè máa ń sìn, ohun yòówù tí ì báà wà nínú ìwé òfin ẹgbẹ́.

Kì í ṣe inú ọgbà fásitì kankan nílẹ̀ wa ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀. Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni, ní ọjọ́ 7 oṣù Ògún ọdún 1925, nígbà tí Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Lísàbí láti Abẹ́òkúta, tí ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ òfin, àti Dókítà Herbert Bankole-Bright ará Sàró, kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí wọ́n wà níbẹ̀ jọ, tí wọ́n sì dá ẹgbẹ́ tí ayé mọ̀ sí WASU sílẹ̀. J. B. Danquah, ọmọ Gold Coast, ni ààrẹ àkọ́kọ́. Ṣólàńkẹ́ ni akọ̀wé àgbà, ipò akọ̀wé yìí ni ó sì ti gbé ẹgbẹ́ náà ró fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tó ń jẹ wọ́n níyà nígbà náà kò fara sin: onílé Òyìnbó kì í fẹ́ fi yàrá háyà fún aláwọ̀ dúdú. Ṣólàńkẹ́ kò dúró de ìjọba amúnisìn kí ó wá bá wọn wá ibùgbé. Ní ọdún 1929 ó wọ ọkọ̀ ojú omi padà sí Áfíríkà, ó ń ti ìlú dé ìlú títí di ọdún 1932, ó ń bẹ ọba, ó ń bẹ ìjòyè, ó ń bẹ oníṣòwò àti olùkọ́, ó ń dá ẹ̀ka ẹgbẹ́ sílẹ̀ níbi tó bá dé, ó sì ń gba owó tí wọ́n bá dá. Nígbà tí ó sì di ọdún 1933, ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣí ilẹ̀kùn ní Camden Town. Kí ẹ̀yin òǹkàwé mi jọ̀wọ́ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ni òṣùwọ̀n tí n ó fi wọn àwọn tó tẹ̀ lé e: wọ́n rán an níṣẹ́ ilé, ó lọ, ó bọ̀, a sì rí ilé.

Nígbà tí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, ilé Olúyọ̀lé, ní ọdún 1948, kò pẹ́ tí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ fi fìdí múlẹ̀ níbẹ̀. Ní ọdún 1956 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga gbogbo sì para pọ̀ di ẹgbẹ́ kan fún gbogbo orílẹ̀-èdè, èyí tí wọ́n ń pè ní NUNS. Òmìnira kò tíì pé oṣù méjì lọ́wọ́ wa nígbà tí àwọn ọmọ Ìbàdàn gbéra lọ sí Èkó Àkéte, tí wọ́n sì ya bo ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní ọjọ́ 28 oṣù Bélú ọdún 1960, wọ́n ní àwọn kò fẹ́ àdéhùn ààbò tí ìjọba wa bá ti Gẹ̀ẹ́sì ṣe, nítorí pé òmìnira tí ológun ẹni tó kó wa lẹ́rú ń ṣọ́, òmìnira wo nìyẹn? Àwọn nìkan kọ́ ni wọ́n kọ̀ ọ́. Ẹgbẹ́ òṣèlú alátakò náà ń lọgun rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba méjèèjì pa àdéhùn náà rẹ́ ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1962, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tọ́ adùn ìṣẹ́gun wò, adùn ọ̀hún kò sì kúrò lẹ́nu wọn mọ́. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń retí pé kí olóyè wọn jẹ́ ẹni tí ohùn rẹ̀ yóò dé ibi tí ohùn àgbà kò dé.

Ẹni tó bá fi ojú ìwé ìròyìn nìkan wo ọ̀ràn yìí yóò rò pé ìwọ́de ni gbogbo iṣẹ́ náà. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni a kì í rí, nítorí kò ní ariwo nínú. Omi kò yọ ní họ́ọ̀lù àwọn obìnrin láti ọjọ́ mẹ́ta, ìdánwò sì kù sí dẹ̀dẹ̀. Ta ni yóò jókòó ti àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ka iṣẹ́ ẹ̀rọ títí tí wọn yóò fi gbé ọkọ̀ omi wá? Àwọn awakọ̀ inú ọgbà fi owó lé owó ọkọ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Èsì ìdánwò ọmọ kan sọnù láàárín ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ̀ àti ọ́fíìsì àgbà, ó ti lọ ó ti bọ̀ títí ó fi sú u. Olùkọ́ kan ní ẹni tí kò bá ra ìwé òun kò ní yege. Ọmọ tó wá fẹjọ́ sùn ń wárìrì kí orúkọ òun má bàa hàn síta. Ọlọ́pàá mú ọmọkùnrin kan lóru nítorí pé ó gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká dání, wọ́n ní ọmọ Yàhúù ni; aago ti lu méjì òru, fóònù ààrẹ ni ó sì ń dún. Aláìsàn tí kò ní ẹbí nítòsí, ẹni tí onílé kó ẹrù rẹ̀ dà síta, ọmọ tuntun tó gbé àpótí rẹ̀ dé láti ìgbèríko tí kò mọ apá ibi tí wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀, iwájú ọ̀dọ́ kan ni gbogbo wọn ń gbé ẹjọ́ wọn wá, ọ̀dọ́ náà sì ní ìdánwò tirẹ̀ láti ṣe ní òwúrọ̀ ọ̀la.

Òun nìkan kọ́ ni wọ́n gbé ẹrù náà lé lórí. Bí wọ́n bá ní kí n yan oyè kan tó ṣe kókó jù nínú ẹgbẹ́, èmi ìbá fi ti akọ̀wé àgbà ṣáájú ti ààrẹ, nítorí ohun tí a kò bá kọ sílẹ̀ nínú ìpàdé pẹ̀lú àwọn aláṣẹ, bí ẹni tí kò sọ ọ́ ni. Àìmọye ìlérí omi àti iná ni ó ti bá afẹ́fẹ́ lọ nítorí pé ẹni tó yẹ kí ó kọ ọ́ ń ya fọ́tò pẹ̀lú Gíwá lọ́wọ́. Akápò ń tọ́jú owó, akọ̀wé owó ń kọ ìwọlé àti ìjáde rẹ̀. Àwọn tó fi òfin ya méjèèjì sọ́tọ̀ mọ ìwà ọmọ ènìyàn dáadáa. Alukoro ń kéde, àwọn kan ń rí sí ìgbáyégbádùn, àwọn kan ń rí sí eré ìdárayá àti fàájì, n kò sì ní fa ti àwọn ìkẹyìn yìí gùn, àfi kí n sọ pé ibẹ̀ ni owó ẹgbẹ́ ti sábà ń ṣòfò. Ti igbákejì ààrẹ ni ó ń dùn mí. Ní ọ̀pọ̀ fásitì wa, ó ti di àṣà láti ya ipò yìí sọ́tọ̀ fún obìnrin, a sì ń pè é ní ọlá. Ṣùgbọ́n bí ọmọbìnrin bá gbé àpótí láti du ipò ààrẹ, tí wọ́n ń bi í léèrè pé kí ló dé tí kò lọ sí àyè tirẹ̀, a jẹ́ pé ìdènà tí a wọ̀ ní aṣọ ọlá ni. Àwa tí ìtàn wa kò ṣàì ní Ìyálóde Tinúbú kọ́ ni ó yẹ kí a máa bi ọmọbìnrin ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Lókè gbogbo olóyè ni ìgbìmọ̀ aṣojú wà, tí họ́ọ̀lù àti ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ń yan ènìyàn sí, tí ó ń yẹ àbá ìṣúná wò. Lókè ìgbìmọ̀ aṣojú sì ni kóńgírẹ́ẹ̀sì wà, èyí tíí ṣe àpéjọ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́. Ní Ilé-Ifẹ̀ oòyè, ibi ojúmọ́ ti ń mọ́ wá, níbi tí àwọn baba wa ti ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá a, kóńgírẹ́ẹ̀sì ni ó ní ìkẹyìn ọ̀rọ̀: ọmọ tó wà ní ọdún àkọ́kọ́ lè dìde láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún, kí ó nawọ́ sí ààrẹ, kí ó sì béèrè ibi tí owó lọ. Ẹni tó bá ti rí ààrẹ tó ń làágùn níwájú irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ yóò mọ̀ pé ó ṣòro kí ilé aṣòfin orílẹ̀-èdè wa fi irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kọ́ ni.

Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Inú òwe yìí ni ọgbọ́n oyè náà fi ara pamọ́ sí. Kóńgírẹ́ẹ̀sì a máa rán olóyè ní ọ̀rọ̀ tó kún fún èébú àti ìhàlẹ̀. Olóyè ni yóò fi asẹ́ sẹ́ ẹ, tí yóò gbọn ìbínú kúrò lára rẹ̀, tí yóò gbé kókó rẹ̀ dé iwájú Gíwá láìsí pé ohunkóhun já bọ́ nínú rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ burúkú ní í yọ ọfà lápó. Ṣùgbọ́n àbọ̀ iṣẹ́ ni ó ṣòro ju ìjẹ́ iṣẹ́ lọ. Bí Gíwá bá ní kò ṣeé ṣe, olóyè gbọ́dọ̀ padà wá dúró níwájú àwọn tó rán an, kí ó sọ pé kò ṣeé ṣe, kí ó sọ ìdí rẹ̀, kí ó sì fara gba hùú tí wọn yóò hù lé e lórí. Ọ̀pọ̀ ni kò lè ṣe èyí. Wọn a wá irọ́ fi tù wọ́n nínú, wọn a ní ọ̀rọ̀ ti ń yanjú nígbà tí kò yanjú; nígbà tí irọ́ náà bá sì tú, kò sí ẹni tí yóò gba ọ̀rọ̀ wọn gbọ́ mọ́, yálà nínú ọgbà tàbí ní ọ́fíìsì.

Níbi tí ìránṣẹ́ kò bá ti rí ọ̀nà kọjá, ẹ̀jẹ̀ ni ó máa ń ṣàn. Ní Ìbàdàn ní ọdún 1971, ẹjọ́ oúnjẹ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ro, wọ́n ń ráhùn sí bí nǹkan ṣe ń lọ ní ilé oúnjẹ họ́ọ̀lù Nnamdi Azikiwe àti sí ẹni tó ń ṣe àbójútó rẹ̀. Irú ẹjọ́ tí àgbà mẹ́ta lè jókòó parí ní ìrọ̀lẹ́ kan. Kò parí. Ọlọ́pàá wọ ọgbà, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 1 oṣù Èrèlé, ọta ìbọn ba Kúnlé Adépéjú, ó sì kú. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ lábẹ́ Adájọ́ Kazeem, wọ́n gbọ́ ẹjọ́, wọ́n kọ ìwé. Orúkọ Adépéjú ni wọ́n fi sọ ilé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìbàdàn títí di òní, tí ó fi jẹ́ pé gbogbo ààrẹ tó ń jẹ níbẹ̀, inú ilé tí ń jẹ́ orúkọ òkú ọ̀dọ́ ni ó ti ń ṣe ìjọba rẹ̀. N kò mọ oyè mìíràn tí wọ́n fi irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ kọ sára ògiri ààfin rẹ̀.

Ọdún méje lẹ́yìn èyí ni ti Èkó ṣẹlẹ̀. Ìjọba ológun fi owó lé owó oúnjẹ ojúmọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́, Kọ́nẹ́ẹ̀lì Ahmadu Ali ni ó sì jẹ́ kọmíṣánnà ètò ẹ̀kọ́. Ìdí nìyí tí igbe tó gba gbogbo ilẹ̀ ní oṣù Igbe ọdún 1978 fi jẹ́ pé kí Ali máa lọ. Ṣẹ́gun Òkèowó, ẹni tó ń ṣe ààrẹ ní Yunifásítì Èkó tó sì tún ń ṣe olórí NUNS, ni ó wà níwájú. Wọ́n yìnbọn pa Akíntúndé Òjó, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ yíya àwòrán ilé, àwọn mìíràn sì kú ní Zaria. Ìjọba fi òfin de NUNS, wọ́n lé Òkèowó kúrò ní ilé-ìwé, ó sì di ẹ̀yìn ìgbà náà kí ó tó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀. Ìtàn ọkùnrin yìí yẹ kí gbogbo ẹni tó ń du oyè lónìí gbọ́: kò fi ìjà náà di olówó, iṣẹ́ olùkọ́ ni ó ṣe, nígbà tí ó sì kú ní ọdún 2014 orúkọ rẹ̀ mọ́. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Òkèowó kò wò ó. Àwọn tó dìde lẹ́yìn rẹ̀ dá NANS sílẹ̀ ní ọdún 1980 dípò ẹgbẹ́ tí wọ́n pa.

Títí di àkókò yìí, bí ìjọba tilẹ̀ ń lé olóyè, tí ó ń tì í mọ́lé, àwọn tó dìbò fún un nìkan ni wọ́n lè sọ pé kì í ṣe olóyè àwọn mọ́. Ọdún 1989 ni nǹkan yí. Lẹ́yìn ìfẹ̀hónúhàn tó gba ìlú kan nítorí ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí a mọ̀ sí SAP, ìjọba Ọ̀gágun Babangida gbé òfin kẹtàdínláàádọ́ta ọdún náà jáde. Òfin yìí sọ wíwà nínú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ di ọ̀ràn ìfẹ́ inú olúkúlùkù, ó sì fi agbára lé àwọn aláṣẹ lọ́wọ́ láti dá akẹ́kọ̀ọ́ dúró tàbí láti lé e bí wọ́n bá ní ohun tó ń ṣe léwu fún àlàáfíà. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ kékeré ti ń yí ilé po. Láti ìgbà náà, ìwé kan péré láti ọ́fíìsì lè sọ ẹni tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún yàn di ẹni tí kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ kan ọgbà. Owó ẹgbẹ́ pàápàá, ní ọ̀pọ̀ fásitì, pẹ̀lú owó ilé-ìwé ni wọ́n ń gbà á, inú àpò ilé-ìwé ni ó ń wọ̀, olóyè sì gbọ́dọ̀ kọ̀wé, kí ó dúró, kí ó tún padà wá, kí wọ́n tó yọ̀ǹda díẹ̀ nínú ohun tíí ṣe ti àwọn tó rán an. Ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni a ó máa retí kí ó la ojú, kí ó sọ fún Gíwá pé omi kò yọ? Ìbá jẹ́ pé àwọn tó ṣe òfin náà fẹ́ kí olóyè máa wo òkè dípò ilẹ̀, wọn kì bá tí rí ọ̀nà tó dára ju èyí lọ.

Ìbọn náà sì wà. Ẹgbẹ́ òkùnkùn ti di àjàkálẹ̀ ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wa, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀ sì wà lára àwọn tó kọ̀ láti fara mọ́ wọn. Ní ìdájí ọjọ́ 10 oṣù Agẹmọ ọdún 1999, àwọn abọ́jú ya wọ họ́ọ̀lù Awólọ́wọ̀, wọ́n sì pa George Iwilade, akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè ní Afrika, ẹni tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ òfin, àti akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin mìíràn. Orí ni ó kó ààrẹ yọ. Nígbà tí mo sọ pé ipò akọ̀wé ni mo fi ṣáájú, ti Iwilade wà lọ́kàn mi. Ó mọ ohun tó wà níwájú, kò sì fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Ní ọ̀rúndún tuntun yìí, àwọn aláṣẹ rí i pé kò tilẹ̀ yẹ kí àwọn máa wàhálà lé ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí ariwo bá sọ, wọn a dá gbogbo ẹgbẹ́ dúró. Yunifásítì Èkó ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2016 lẹ́yìn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ̀hónú hàn nítorí omi àti iná. Ìbàdàn ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2017 lẹ́yìn ìfẹ̀hónúhàn tí káàdì ìdánimọ̀ wà lára ohun tó fà á; wọ́n dá ààrẹ dúró fún sáà ẹ̀kọ́ méjì, ó sì di ọdún 2019 kí ẹgbẹ́ tó padà wà láàyè. Ẹ jẹ́ kí a wo èrè rẹ̀. Nígbà tí Yunifásítì Èkó gbé owó ga ní ọdún 2023, tí ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn dé náírà 190,250, nígbà tí ohun tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń san tẹ́lẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 19,000, kò sí ẹgbẹ́ kan tí gbogbo wọn yàn tí ó lè jókòó bá àwọn aláṣẹ sọ̀rọ̀. Àwọn olórí akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan àti àwọn aṣojú NANS ni wọ́n ṣe é lẹ́yìn ìfẹ̀hónúhàn oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀, ti àwọn oníṣègùn sì sọ̀kalẹ̀ sí 170,250. Ó dára ju kí ó má sọ̀ rárá lọ. Ṣùgbọ́n ta ni ó rán àwọn tó lọ, iwájú ta ni wọ́n sì padà wá jẹ́ àbọ̀?

Ẹni tó bá rò pé NANS yóò gba ipò ẹgbẹ́ inú ọgbà, kí ó wo bí nǹkan ti rí níbẹ̀. Lóòótọ́, nígbà tí ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ fásitì, daṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ ní ọdún 2022, wọ́n dí títì, wọ́n sì dé ojú ọ̀nà pápákọ̀ òfuurufú Èkó, n kò ní fi ìyẹn dù wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni méjì tó ń pe ara wọn ní ààrẹ kan náà ti di ohun tí kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu mọ́, oyè àti àmì ẹ̀yẹ tí wọ́n ń fi dá olóṣèlú lọ́lá kò sì lóǹkà. Ẹnu tó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. Nígbà tí olóyè bá ti mọ̀ pé gómìnà kan ni ó san owó ìpàdé tí wọ́n ti yan òun, tí ọkọ̀ tí òun ń gùn sì ti ọwọ́ aṣòfin kan wá, iṣẹ́ ẹlòmíràn ni ó ń jẹ́, bí ó tilẹ̀ ń kígbe àlútà ní gbogbo ìgbà tí ó bá di gbohùngbohùn mú. Kì í ṣe pé mo kọ̀ kí olóyè àtijọ́ wọ òṣèlú. Omoyele Sowore, tó ṣe ààrẹ ní Yunifásítì Èkó láti ọdún 1992 sí 1994, du ipò ààrẹ orílẹ̀-èdè ní ọdún 2019, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ohun tí mo kọ̀ ni kí a ti máa jẹ nínú rẹ̀ nígbà tí a ṣì ń jẹ oyè akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́.

Kí n má ṣe gbè sẹ́yìn ẹnìkan jù. Àwọn aláṣẹ ní ẹjọ́ tí wọ́n lè rò. Ìwọ́de tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ewé lọ́wọ́ ti parí sí fífọ́ fèrèsé, ọmọ ìta ti darapọ̀ mọ́ ọn, wọ́n ti sun ọkọ̀ tí owó akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ rà, wọ́n sì ti ilé-ìwé pa títí ọmọ tálákà fi pàdánù odidi sáà. Àwọn olóyè kan náà ti gba owó kí wọ́n fi ra bọ́ọ̀sì, a kò rí bọ́ọ̀sì, a kò rí owó. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, ẹni ọdún mọ́kànlélógún kò sì ní ṣàì ṣe àṣìṣe. Ìdí nìyí tí mo fi fara mọ́ òfin tó ní kí ẹni tí yóò du oyè ní àmì ìdánwò tó bójú mu, kí ó má sì ní ẹ̀sùn lọ́rùn. Ṣùgbọ́n bí akápò bá jí owó, kóńgírẹ́ẹ̀sì ni kí ó yọ ọ́, kí ilé ẹjọ́ sì bá a wí. Kì í ṣe kí a tìtorí olè kan gba ẹnu lọ́wọ́ ẹgbàá akẹ́kọ̀ọ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n títún orí ọmọ ṣe ni iṣẹ́ àgbà, kì í ṣe kí ó gé e.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gan-an sì ní ẹ̀bi tiwọn, èyí tí wọn kì í fẹ́ gbọ́. Wọn a kún fọ́fọ́ sí ibi ìdíje ẹwà, ìpàdé tí wọ́n fẹ́ ka ìṣirò owó sí a sì ṣófo. Ẹni tí kò bá wá sí ibi tí wọ́n ti ń jẹ́ àbọ̀ iṣẹ́ ti fọwọ́ ara rẹ̀ gbé agbára ìyọnípò fún ẹlòmíràn. Gíwá kò já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bá a nílẹ̀ ni.

Nítorí náà, mo bẹ ẹ̀yin Gíwá àti ìgbìmọ̀ aláṣẹ fásitì gbogbo: ẹ dá ẹgbẹ́ tí ẹ dá dúró padà, kí ẹ sì jẹ́ kí yíyàn àti yíyọ olóyè wà lọ́wọ́ àwọn tó dìbò. Mo bẹ ẹ̀yin aṣòfin ní Àbújá kí ẹ tún òfin ọdún 1989 yẹ̀ wò, nítorí ìjọba tó ṣe é ti lọ tipẹ́. Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ka èyí, wá ọjọ́ tí kóńgírẹ́ẹ̀sì yóò tún pé ní ilé-ìwé rẹ, lọ síbẹ̀ kí ó tó kún, jókòó síwájú, kí o sì ní kí akápò ṣí ìwé owó.